Bí ẹ ó ṣe to oúnjẹ ilé kí purotéènì inú rẹ̀ lè pé

Bí a bá gbé iyán tí àgbàlagbà kan jẹ yó lé òṣùwọ̀n, ó máa ń tó gíráàmù 400. Purotéènì inú rẹ̀ kò ju bíi gíráàmù 6 lọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó wọn kílò 60 nílò gíráàmù 50 lójúmọ́. Ìṣirò yìí ló yẹ kó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni tó ń dáná ní Iléṣà, torí iyán lọba oúnjẹ níbí, kò sì sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ Ìjẹ̀ṣà. A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi iyán sílẹ̀. Bí gíráàmù 44 tó kù yóò ṣe dé inú àwo la fẹ́ tọ́ka sí, láti inú ohun tí wọ́n ń tà lójoojúmọ́ ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà, láìjẹ́ pé ẹran gbọ́dọ̀ pọ̀ kó tó ṣeé ṣe.

Ohun tó ń dá iṣẹ́ ara dúró

Purotéènì, tí àwọn olùkọ́ ń pè ní amáradàgbà, ni ara fi ń kọ́ iṣan, awọ, irun àti ẹ̀jẹ̀, òun náà ló sì fi ń ṣe ohun ìjà tó ń bá àìsàn jà. Bí a bá tú u palẹ̀, àwọn ègé kéékèèké tó so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ nínú okùn la ó bá. Amino acid ni wọ́n ń jẹ́. Oríṣi 20 ni wọ́n. Ara àgbàlagbà lè ṣe 11 nínú wọn fúnra rẹ̀. 9 tó kù, àfi ká jẹ wọ́n: histidine, isoleucine, leucine, lysine, methionine, phenylalanine, threonine, tryptophan àti valine.

Ẹ wo ẹni tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Ó ti mọ bó ṣe fẹ́ tò ó: iyùn méjì, sẹ̀gi kan, iyùn méjì, sẹ̀gi kan. Bí sẹ̀gi bá tán nínú igbá, iṣẹ́ dúró nìyẹn, ì báà jẹ́ pé iyùn ṣì kún igbá. Bẹ́ẹ̀ gan-an lara ń ṣe. Amino acid tó kéré jù nínú oúnjẹ ló ń pinnu iye tí ara lè kọ́. Ìyókù, ara ò ní àká tó lè kó o sí. Ẹ̀dọ̀ á tú u ká, á sun apá kan bí epo, apá kejì á sì bá ìtọ̀ jáde. Owó ọjà ló bá ìtọ̀ lọ yẹn.

Ẹ má fi orúkọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán da ara yín láàmú. Nínú oúnjẹ tiwa, mẹ́ta ló sábà máa ń dá iṣẹ́ dúró: lysine, tryptophan àti methionine. Lysine àti tryptophan ló wọ́n nínú àgbàdo, ìrẹsì náà kò sì ní lysine tó. Ẹ̀wà ní lysine rẹpẹtẹ, methionine ló kéré nínú tirẹ̀. Ohun tí ọ̀kan ń wá ló wà lọ́wọ́ èkejì. Ẹ̀kọ àti àkàrà, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, àdàlú: kò sí èyí tó jẹ́ èèṣì nínú wọn.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: iye tí olúkúlùkù nílò

Ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé jáde ní 2007 ni gíráàmù 0.83 fún kílò kan ìwọ̀n ara àgbàlagbà lójúmọ́. Ẹ gun òṣùwọ̀n, kí ẹ fi 0.83 sọ kílò yín di púpọ̀. Kílò 60 á fún yín ní 50. Kílò 75 á fún yín ní 62. Purotéènì tó ń dà dáadáa nínú, bíi ti ẹyin àti ẹja, ni ìwọ̀n yìí wà fún. Oúnjẹ tó jẹ́ pé ẹ̀wà àti ọkà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í dà tán bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e. 50 á di 60.

Aboyún tó wà ní oṣù kẹrin sí ìkẹfà á fi bíi gíráàmù 10 kún tirẹ̀. Láti oṣù keje títí tó fi máa bí, àfikún náà á di 31, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìyá ti ń kùnà torí ọmọ inú ti ń tì wọ́n nínú, wọn ò lè jẹun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n jẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú nílò àfikún 19 ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Fún àwọn àgbà tó ti lé ní ọdún 65, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń sọ pé kó tó gíráàmù 1 sí 1.2 fún kílò kan, torí iṣan wọn ń yára yọ́. Ẹ̀kọ mímu lásán láàárọ̀ àti lálẹ́ kò tó fún ìyá àgbà.

Ní ti ọmọdé, ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà rọrùn láti rántí: gíráàmù 13 fún ọmọ ọdún 1 sí 3, 19 fún ọmọ ọdún 4 sí 8, 34 fún ọmọ ọdún 9 sí 13. Ẹyin kan (6) pẹ̀lú ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 30 (7) ti tó ọmọ ọdún méjì fún odindi ọjọ́ kan. Kò pọ̀ rárá. Ó yẹ kí gbogbo ilé lè ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kejì: ohun tó wà nínú oúnjẹ, àti agolo tí ẹ fi ń wọ̀n ọ́n

Nínú gíráàmù 100 ohun gbígbẹ, purotéènì sóyà jẹ́ bíi gíráàmù 36, ẹ̀gúsí 28, ẹ̀pà 25, ẹ̀wà 23, àgbàdo 9, ìrẹsì 7, gàrí 1. Gàrí kílò márùn-ún lẹ máa jẹ lójúmọ́ kẹ́ ẹ tó rí 50 nínú rẹ̀. Ẹran màlúù tútù tí kò lọ́ràá ní 20, ẹja tútù 18 sí 20, iṣu tútù 1.5. Ẹyin kan ní 6. Edé gbígbẹ àti pàǹlà ga gan-an, ó lé ní ìdajì ìwọ̀n wọn; ìdí nìyẹn tí ṣíbí ìjẹun kan edé lílọ̀ tó yọrí fi lè fi bíi gíráàmù 4 kún ọbẹ̀.

Agolo ló ń tú ìṣirò ká. Kóńgò inú ọjà kì í dọ́gba, àwọn kan wà tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọlé, ẹlòmíràn á sì fi ọwọ́ gbá orí rẹ̀ dànù. Ẹ mú agolo kan tó jẹ́ tilé yín, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní òṣùwọ̀n. Àwọn tó ń ta èròjà kéèkì sábà máa ń ní in. Ẹ kọ́kọ́ wọn agolo òfìfo, kí ẹ wá bu ẹ̀wà kún un, kí ẹ fi ọ̀bẹ tẹ́ orí rẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Ẹ yọ ìwọ̀n òfìfo kúrò, kí ẹ kọ iye tó kù sí ara agolo náà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìrẹsì àti àgbàdo, torí wọn kì í wọn bákan náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa ṣe é, agolo yẹn á sì sìn yín títí.

Bí ẹ bá ti mọ ìwọ̀n, ẹ lè mọ ohun tó wọ́n lóòótọ́. Ká ní kóńgò ẹ̀wà kan jẹ́ kílò 1.4, kí wọ́n sì máa tà á ní ₦2,800. Purotéènì inú rẹ̀ jẹ́ 322, gíráàmù 10 á wá jẹ́ bíi ₦87. Ká ní ẹyin kan jẹ́ ₦200. Gíráàmù 10 nínú ẹyin á jẹ́ ₦333. Àpẹẹrẹ lowó yìí, ẹ fi ti ọjà ọjọ́ náà rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣe é fún ẹran, ẹ ó rí i pé kì í ṣe ohun tí owó rẹ̀ kéré lójú ló sábà máa ń rọ̀ wá lọ́rùn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àdàlú, kí ìdajì ó pàdé ìdajì

Àgbàlagbà kílò 60 nílò lysine mílígíráàmù 1,800 lójúmọ́. Nínú gíráàmù kan purotéènì àgbàdo, lysine jẹ́ bíi mílígíráàmù 27. Bó bá jẹ́ pé àgbàdo nìkan ló ti rí gbogbo gíráàmù 50 rẹ̀, lysine 1,350 ló bá a wá. Gíráàmù pé, sẹ̀gi ò pé. Purotéènì ẹ̀wà ní bíi 67. Bí ìdajì purotéènì bá wá láti inú àgbàdo, tí ìdajì wá láti inú ẹ̀wà, gíráàmù kọ̀ọ̀kan á ní 47, àpapọ̀ 50 á sì jẹ́ 2,350. Iye tí WHO fẹ́ kó wà nínú gíráàmù kan fún àgbàlagbà ni 45.

Nínú ìkòkò, ìdajì sí ìdajì yẹn kì í ṣe agolo kan sí agolo kan. Àgbàdo gbígbẹ gíráàmù 250 ló ní purotéènì tó wà nínú ẹ̀wà gíráàmù 100. Ìlọ́po méjì àbọ̀ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ àgbàdo tútù, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí náà ìwọ̀n rẹ̀ á tún tó bíi ìlọ́po mẹ́ta ti gbígbẹ. Bí ẹ̀wà bá sì pọ̀ ju bí a ti sọ lọ, kò bà jẹ́. Lysine á lé ni. Ohun tí kò dára ni ìkòkò tó jẹ́ àgbàdo, tí ẹ̀wà kàn fara hàn níbẹ̀ bí àlejò.

Ẹ ṣa ẹ̀wà, kí ẹ rẹ ẹ́ sómi fún wákàtí mẹ́jọ, kí ẹ da omi náà nù. Àwọn ṣúgà tó ń fa inú kíkún àti afẹ́fẹ́ ń bá omi yẹn lọ, iná tàbí gáàsì tí ẹ máa lò á sì dín kù. Àgbàdo gbígbẹ le ju ẹ̀wà lọ: rírẹ ló nílò mọ́jú, òun lẹ ó sì kọ́kọ́ gbé kaná, títí eyín fi lè fọ́ ọ, kí ẹ tó da ẹ̀wà sí i. Bí àgbàdo bá jẹ́ tútù, ẹ̀wà ni yóò ṣáájú, tó bá ti rọ̀ dé ìdajì kí àgbàdo wọlé. Ẹ̀wà olóyin tí a rẹ máa ń jinná láàárín ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Èyí tó bá ti pẹ́ nínú àpò, tí ooru ti mú, lè lo ìlọ́po méjì, kó má sì rọ̀ dáadáa síbẹ̀, ẹ bi ìyá alẹ́wà pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ti ọdún yìí ni?” kí ẹ tó rà á, kí ẹ sì fi eyín gé hóró kan wò. Kànún máa ń jẹ́ kó tètè rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń pa fítámì B1 inú ẹ̀wà. Rírẹ mọ́jú dára jù ú lọ.

Ẹ tún gbóòórùn ẹ̀wà kí ẹ tó rà á. Àwọn kan ń da ògùn kòkòrò sí i nínú àká, fífọ̀ kò sì lè yọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀wà tí kòkòrò ti lu díẹ̀ sàn ju èyí tí ń rùn bí ògùn. Nílé, ẹ bu ẹ̀wà tó gbẹ dáadáa sínú kẹ́ẹ̀gì, kó kún dé ẹnu, kí ẹ dé e pa kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Kòkòrò tó bá wà níbẹ̀ á kú fúnra rẹ̀.

Kò pọn dandan kí àgbàlagbà jẹ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bó jẹ àkàrà láàárọ̀, tó jẹ tùwó àgbàdo lálẹ́, ara á so wọ́n pọ̀. Ọmọ kékeré ni kẹ́ ẹ sapá láti fún ní méjèèjì nínú àwo kan, torí ikùn rẹ̀ kéré, oúnjẹ tó ń jẹ lójúmọ́ kò sì pọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ògì ọmọ

Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ títí tó fi pé oṣù mẹ́fà, ọmú ìyá nìkan ti tó. Kò sí amino acid tó ṣaláìsí nínú rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ọmú ò dá a tán mọ́, ògì sì ni ọ̀pọ̀ ìyá máa ń fà yọ. Ògì tí a sẹ́ ti pàdánù púpọ̀ nínú purotéènì àgbàdo sínú èérí àti omidùn. Bí a bá tún wá pò ó kó ṣàn bí omi, ife kan kì í ní ju gíráàmù 2 lọ. Ọmọ á mu ún yó, á sùn, á sì máa rù.

Iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣòdì, FIIRO, ló gbé sóyà-ògì jáde, wọ́n sì fi àgbàdo ìdá 70 pọ̀ mọ́ sóyà ìdá 30. Èyí ṣeé ṣe nílé. Fún kílò kan, ẹ wọn àgbàdo gíráàmù 700 àti sóyà gíráàmù 300. Purotéènì tó wọlé á jẹ́ 63 láti inú àgbàdo, 108 láti inú sóyà, àpapọ̀ 171.

Ẹ ṣa méjèèjì lójú mọ́mọ́. Hóró tó bá ní èbu, tó dúdú tàbí tó ní àwọ̀ ewé, ẹ jù ú nù, ẹ má fi fún adìyẹ. Májèlé tí èbu ń ṣe sínú àgbàdo àti ẹ̀pà ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sísè kì í sì í pa á.

Ẹ rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì, kí ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀.

Sóyà kì í ṣe ohun à ń rẹ sómi tútù kí a sì lọ̀ ọ́ ní tútù. Ẹ jẹ́ kí omi kọ́kọ́ hó, kí ẹ tó da sóyà gbígbẹ sí i. Ooru òjijì yẹn ló ń pa òórùn kíkan tí àwọn ọmọ máa ń kọ̀. Láti ìgbà tó bá tún hó, ẹ ka ìṣẹ́jú 30. Ohun kan wà nínú sóyà tútù tó ń di ọwọ́ inú mú kó má lè da purotéènì, ooru pẹ̀lú omi ló ń ṣẹ́gun rẹ̀ dáadáa. Ọmọ tó jẹ sóyà tí kò jinná á máa ṣu, inú á máa run ún, purotéènì tí ẹ sì tìtorí rẹ̀ ṣe wàhálà á kọjá lọ lásán.

Ẹ da á sínú omi tútù, kí ẹ fi ọwọ́ bó èèpo rẹ̀, kí ẹ máa gbọ́n ọn kúrò. Ẹ wá pa á pọ̀ mọ́ àgbàdo, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ẹ̀rọ. Ẹ sọ fún ọlọ́lọ̀ kó kọ́kọ́ fi omi fọ ẹ̀rọ, torí ata tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ á jẹ́ kí ọmọ kọ ògì náà, àwọn ará ilé á sì rò pé sóyà ni kò fẹ́. Kó lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó kúnná. Ẹ fi asẹ́ tí ojú rẹ̀ kò dí jù sẹ́ ẹ. Bí ọmọ bá ti lé ní oṣù mẹ́sàn-án, tí ògì náà sì kúnná dáadáa, kò sí ìdí láti sẹ́ ẹ rárá.

Sóyà kì í jẹ́ kí ògì pẹ́. Ẹ pín in sínú ọ̀rá kéékèèké, iye tí ẹ ó lò lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi sínú ẹ̀rọ amóúnjẹ-dìyìnyín. Níbi tí kò bá ti sí iná, ẹ sá a gbẹ lórí aṣọ mímọ́, kí ẹ fi nǹkan bò ó nítorí eṣinṣin, kí ẹ sọ ọ́ di ìyẹ̀fun, kí ẹ dé e pa. Ọ̀rá inú sóyà ló máa ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun yìí ṣá bó bá pẹ́, nítorí náà ẹ ṣe èyí tí ẹ ó lò tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Tó bá ti ń ta lẹ́nu bí epo àtijọ́, ẹ dà á nù.

Gíráàmù 40 ìyẹ̀fun, bíi ṣíbí ìjẹun mẹ́rin sí márùn-ún, ni oúnjẹ kan fún ọmọ ọdún kan sí méjì. Ẹ fi omi tútù díẹ̀ pò ó, kí ẹ dà á sínú omi tó ń hó, kí gbogbo omi rẹ̀ tó bíi ife kan, kí ẹ máa rò ó lórí iná jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ fi ṣíbí bù ú, kí ẹ dorí ṣíbí kodò díẹ̀: kó máa rọra já bọ́, kó má ṣàn. Bó bá ki jù fún ọmọ oṣù mẹ́fà, wàrà ọmú ni kí ẹ fi là á dípò omi. Bí a bá yọ èyí tí asẹ́ gbé kúrò, gíráàmù 5 sí 6 á wà nínú àwo yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ pẹ̀lú ọmú, ọmọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 13 rẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́fà á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí méjì sí mẹ́ta, kò ní jẹ àwo kan tán, ẹ má sì fi ipá rọ ọ́.

Ẹni tó bá ń ṣe wàrà sóyà mímu, kó ṣọ́ra fún híhó ẹ̀tàn. Ìfófòó máa ń ru sókè kí wàrà náà tó hó lóòótọ́, ọ̀pọ̀ a sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níbẹ̀. Ẹ dín iná kù, kí ìfófòó lọ sílẹ̀, kó wá hó gidi fún ìṣẹ́jú 15 sí 20.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹran, ẹja, ẹyin, àti ẹni tí wọ́n ń fún

Ẹran, ẹja àti ẹyin ní gbogbo amino acid mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, wọ́n sì ń tún ti oúnjẹ mìíràn ṣe: ẹja kékeré kan nínú àwo ẹ̀kọ lè fún àgbàdo ní lysine tó ń wá. Ẹran díẹ̀ káàkiri oúnjẹ mẹ́ta wúlò ju ẹran ńlá kan lálẹ́ Sátidé lọ. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje ni àpẹẹrẹ tó dára jù tí a mọ̀. Ẹ̀wà gíráàmù 60, ìdajì ẹyin, ẹja díẹ̀ àti edé nínú ewé kan: gíráàmù 20 ti wà níbẹ̀, ó sì rọ̀ débi tí ọmọ ọdún kan àti ìyá àgbà tí kò léyín lè jọ jẹ ẹ́.

Pònmọ́ ń kọ́? Ó dùn, a ò ní kí ẹ má jẹ ẹ́. Purotéènì wà nínú rẹ̀ pàápàá, ṣùgbọ́n collagen, irú purotéènì inú awọ, ni, kò sì ní tryptophan kankan. Bí pònmọ́ bá dá dúró nínú ọbẹ̀ tí wọ́n fi jẹ ẹ̀bà, ara kò rí ohun kọ́. Bó bá wà nínú ẹ̀fọ́ tó ní ẹ̀gúsí àti irú, tàbí tí ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀wà, àwọn yẹn á bá a dí àlàfo náà. Kó má kàn dúró ní ipò ẹran fún ọmọdé.

Wọ́n ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin tàbí ẹran ńlá yóò di olè. Ọ̀rọ̀ yìí ti pa ọmọ lára. Omi ọbẹ̀ tí wọ́n ń dà sórí oúnjẹ ọmọ kì í ṣe ẹran. Adùn àti epo ló wà níbẹ̀, purotéènì dúró sínú ègé tí bàbá ilé ń jẹ. Nínú gbogbo ilé, ẹni tó ń dàgbà ló nílò rẹ̀ jù ní ìwọ̀n ara rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yọ tọmọ sọ́tọ̀ kí ẹ tó pín ti àgbà. Ẹ fa ẹja já, kí ẹ yọ egungun, kí ẹ gún ẹran tó bá le mọ́ ọn lẹ́nu.

Ẹyin tútù tí àwọn kan ń fi mílíìkì pò mu kì í dà nínú bí èyí tó jinná, ó sì lè kó àìsàn wọ inú. Ẹran tí iná jó di dúdú ti pàdánù lára lysine rẹ̀, ẹ̀pà tí wọ́n yan kọjá ààlà náà bákan náà. Kó pọ́n, kó má jó.

Ọjọ́ kan fún obìnrin kílò 60 lè rí báyìí: ògì (2) àti àkàrà tí wọ́n fi ẹ̀wà gíráàmù 60 ṣe (14) láàárọ̀, iyán gíráàmù 400 (6), ọbẹ̀ tí ẹ̀gúsí gíráàmù 30 wà nínú rẹ̀ (8) àti ẹja sísè gíráàmù 60 (14) lọ́sàn-án, ìrẹsì gíráàmù 80 (6) pẹ̀lú ẹ̀wà gíráàmù 50 (11) lálẹ́. 61 nìyẹn, ẹran màlúù ò sì sí níbẹ̀. Ẹ rí i pé iyán ṣì wà ní ipò rẹ̀. Ó wúlò: bí oúnjẹ agbára kò bá tó, ara á sun purotéènì bí igi ìdáná dípò kó fi kọ́lé. Ẹni tó bá jẹ ẹran tí kò jẹ okèlè ń dáná sun owó.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ṣíṣọ́ ọmọ

Ní àwọn ọdún 1950, dókítà David Morley, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Wesley Guild níbí ní Iléṣà, ṣètò ilé ìwòsàn àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Níbẹ̀ ni káàdì tí wọ́n ń fà ìlà ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù ti gbajúmọ̀ dé gbogbo ayé. Ẹ̀bùn ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà fún aráyé ni káàdì yẹn, ẹ má sọ tiyín nù. Ohun tí ẹ máa wò níbẹ̀ ni ìlà: ó ń gòkè ni, ó tẹ́ ni, tàbí ó ń sọ̀? Ìlà tó tẹ́ fún oṣù méjì ti tó ìdí láti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, kódà bí ọmọ bá ń ṣeré.

Nílé, ẹ lè lo tépù télọ̀ fún ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5. Apá òsì ni. Ẹ wọn láti ṣóńṣó èjìká dé ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ sàmì sí àárín, kí apá rọ̀ sílẹ̀, kí ẹ yí tépù ká ibẹ̀. Kó má fún, kó má tú. Tó bá dín ní sẹ̀ǹtímítà 12.5, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yẹn. Tó bá dín ní 11.5, ọjọ́ yẹn ni.

Ẹ tún fi àtàǹpàkò tẹ orí ẹsẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bí ihò bá dúró níbi tí ẹ tẹ̀ ní ẹsẹ̀ méjèèjì, ọsibítù ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ì báà jẹ́ pé ọmọ náà sanra lójú. Ó lè jẹ́ kwashiorkor, àìsàn tí dókítà Cicely Williams kọ nípa rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930 láti ilẹ̀ Gánà. Orúkọ náà wá láti èdè Gá, ti ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò ni. Irun á pupa, á máa fà yọ wẹ́rẹ́, awọ á máa bó, ọmọ kò ní fẹ́ ṣeré. Kì í ṣe àìtó purotéènì nìkan ló ń fà á, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ẹyin àti ẹran sí i lẹ́nu nílé. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè gbé e lákòókò yẹn. Wàrà tí wọ́n ń fi bẹ̀rẹ̀ ní ọsibítù, F-75, kò ní tó gíráàmù kan purotéènì nínú mílílítà 100. Ara á kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ kí wọ́n tó fi kún un. Ẹ fún un lọ́mú lójú ọ̀nà kí ara rẹ̀ má bàa tutù, kí ẹ fi aṣọ wé e.

Àwọn tí ìṣirò yìí kò bá mu

Ẹni tí dókítà ti sọ fún pé kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn kò gbọdọ̀ fi nǹkan kún purotéènì rẹ̀ láìbéèrè, torí kíndìnrín ló ń kó èérí purotéènì dànù. Iye tirẹ̀ lè kéré sí 0.83, bó bá sì ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ó tún lè ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí iye kan tó bá gbogbo wọn mu. Ti ìyẹ̀fun purotéènì inú ike ńlá tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé irin ń rà, ẹni tí ara rẹ̀ le tó sì ń jẹ ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja kò nílò rẹ̀. Ó lè rí gíráàmù 1.5 fún kílò kan nínú ìkòkò ìyá rẹ̀. Kí aláìsàn kíndìnrín kọ ohun tó jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n tó wà lára agolo, kó mú ìwé náà dání lọ sọ́dọ̀ dókítà tàbí onímọ̀ oúnjẹ ní ọsibítù, kí wọ́n jọ yọ tirẹ̀ jáde.